Níbo Ló Ti Ń Dúró? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Bákọ́ọ̀pù Sáfà Tó Ń Falẹ̀

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bákọ́ọ̀pù tó ń falẹ̀. Ẹlòmíì lè máa wò ó pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, pé bó pẹ́ bó yá, á ṣáà parí. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kì í parí. Bákọ́ọ̀pù tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 9 alẹ́ á ṣì máa rìn nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wọlé ní aago 8 àárọ̀. Sáfà á wúwo, akọ̀wé á ní ẹ̀rọ òun ò dáhùn, ọ̀gá á ní kí wọ́n dá nǹkan yẹn dúró kíá. Wọ́n á dá a dúró. Lọ́la, bákan náà. Bí wọn yóò ṣe máa dá a dúró nìyẹn títí di ọjọ́ tí wọ́n máa nílò ẹ̀dà kan ní tòótọ́, tí wọ́n á wá rí i pé èyí tó pé kẹ́yìn ti pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá: kí ẹ tó ra nǹkan kan, kí ẹ tó yí ètò kan padà, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí dátà ti ń dúró. Bí a bá bèèrè pé “kí ló dé tó fi ń falẹ̀?”, gbogbo èèyàn ló ní èsì tirẹ̀. Ọ̀kan á ní sáfà ti gbó, òmíràn á ní sọ́fítíwíà ni, ẹnì kẹta á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú yìí ló burú. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè pé “níbo ló ti ń dúró?”, kò sẹ́ni tó lè dáhùn láìlọ wò ó.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí dátà ń gbà. Dísíìkì sáfà á kà á jáde. CPU á fún un kó lè kéré, á sì tì í ní kọ́kọ́rọ́ bí a bá ní kó tì í. Á gba inú wáyà àti súìṣì kọjá. Ẹ̀rọ tó wà lódìkejì á gbà á, á sì kọ ọ́ sórí dísíìkì tirẹ̀. Ìyára gbogbo ìrìn náà kò lè ju ti ibi tó lọ́ra jù lójú ọ̀nà lọ. Bí gbogbo ibi yòókù bá ń sáré tí ẹyọ kan ń wọ́, wíwọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa wọ́. Ẹni tó bá wá fi owó tún ibi tó ń sáré tẹ́lẹ̀ ṣe ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá ló ń pa.

Mo rí irú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tí n kò ní dárúkọ. Nǹkan bíi 800 GB ni wọ́n ń kó lálaalẹ́, ó sì ń gba ju wákàtí 20 lọ. Kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ti ra sáfà tuntun, gbankọgbì, olówó ńlá. Iye wákàtí kan náà ló ṣì ń gbà. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó o fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún. “Ẹ̀gbọ́n, kò sí ètò tí mi ò tíì yí nínú ẹ̀ o. Kò gbọ́.” Mo ní kó ṣí àkọsílẹ̀ tí sọ́fítíwíà bákọ́ọ̀pù máa ń kọ fúnra rẹ̀. MB 11.2 ni ìyára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó wà bẹ́ẹ̀ ní aago 10 alẹ́, ó wà bẹ́ẹ̀ ní aago 3 òru, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, “Dìde, àbúrò, jẹ́ ká lọ wo wáyà.”

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bíìtì ni wọ́n fi ń kà á. Àwọn tó ń ta dísíìkì, báìtì ni tiwọn. Bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan. Nítorí náà wáyà tí a pè ní 1 Gbps kò lè gbé ju MB 125 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí a bá sì yọ ẹrù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ń gbé kúrò, bíi 110 ló máa kù. Èyí tó jẹ́ 100 Mbps kò lè ju 12.5 lọ, bíi 11 ni wàá rí gbà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyára tó jókòó sórí 11 láti alẹ́ dòwúrọ̀ tí kò mì, wáyà tàbí súìṣì ló ń rìn ní 100 níbi tó yẹ kó ti rìn ní 1000. Dísíìkì tó ń ṣàárẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Tiẹ̀ máa ń fò sókè, á tún já wálẹ̀. Bákan náà, bí ẹ bá rí nǹkan bíi 35 sí 40 tó dúró gbọn-in, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ki dísíìkì bákọ́ọ̀pù bọ̀: USB 2.0 ni, tí òkè rẹ̀ jẹ́ 480 Mbps lórí ìwé. Ẹnìkan ló fi okùn àtijọ́ so ó, tàbí kó jẹ́ ihò iwájú ẹ̀rọ ló kì í bọ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló yá.

A tọ wáyà náà láti ẹ̀yìn sáfà lọ. Ó gba abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù irin tí wọ́n ń kó fáìlì oníbébà sí, ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà sì dúró lé e lórí ṣáká, ó ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Okùn kéékèèké 8 ló wà nínú wáyà bẹ́ẹ̀. Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni 1 Gbps nílò. 100 Mbps kò lò ju 4 lọ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin yòókù bá já, sáfà àti súìṣì á jọ dúnàádúrà, wọ́n á fẹnu kò sí 100, wọn ò sì ní pariwo fún ẹnikẹ́ni. Ímeèlì á máa lọ, ìtẹ̀wé á máa jáde, ìkànnì á máa ṣí. Bákọ́ọ̀pù nìkan ló ń gbé ẹrù tó tó láti fi àṣírí náà hàn. Lórí Linux, àṣẹ kan ṣoṣo tí ń jẹ́ ethtool ló máa sọ ọ́ fún yín: “Speed: 100Mb/s”. A fi wáyà tuntun rọ́pò rẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n gbé fún wa, ó di “1000Mb/s”.

Ìṣirò ní kó gba wákàtí 2 lálẹ́ ọjọ́ náà. Wákàtí 7 àti ààbọ̀ ló gbà.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á ní a kúkú ti sọ fún yín pé wáyà kọ́. Wáyà ni. Nígbà tí ẹ bá tú ibi tó dí jù sílẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ló máa jẹ oyè. Nígbà tí a tún ṣí àkọsílẹ̀, 740 GB, ìyẹn dátábéèsì àti àwọn fáìlì ńláńlá, ti kọjá kí wákàtí 2 tó pé. 60 GB tó kù ló jẹ gbogbo òru tó kù, ní MB 3 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwé ẹ̀rí ìsanwó ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ń yà sínú kọ̀ǹpútà láti ọdún gbọọrọ: fáìlì tó lé ní mílíọ̀nù kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju bíi 50 KB lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí òun ni mo ń bá pàdé jù. Háàdì dísíìkì tó ń yí ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan ń yí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó ka fáìlì kan, apá tó ń kàwé gbọ́dọ̀ sún dé orí ìlà tí fáìlì náà wà, kó sì dúró kí àwo yí ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Méjèèjì á gba bíi ìdá 12 sí 13 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ pín in: kò lè dé ju bíi ojú ibi 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ fáìlì ńlá ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa wá a, lẹ́yìn ìyẹn á máa kà á lọ ní MB 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ fáìlì wẹ́wẹ́, á wá ibi tí orúkọ àti ọjọ́ rẹ̀ wà, á wá ibi tí ara rẹ̀ wà, á ka ìwọ̀nba bíńtín, á tún bẹ̀rẹ̀ ìwákiri. Alábàárù ọjà Bódìjà lè gbé àpò ẹ̀wà kan karí kó sì ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ pọ́n ẹ̀wà kan náà sínú ọ̀rá wẹ́wẹ́, ẹ ní kó máa gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì máa fọwọ́ síwèé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú bá yín sọ́jà. Agbára ọrùn alábàárù kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa bú.

Antivirus tún wà níbẹ̀ tó ń ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan wò kó tó jẹ́ kí bákọ́ọ̀pù fọwọ́ kàn án. A kò pa á o. Ẹni bá pa antivirus nítorí bákọ́ọ̀pù ń wá wàhálà míì. A kàn sọ fún un pé kó má ṣe dá sí ohun tí sọ́fítíwíà bákọ́ọ̀pù nìkan bá ń kà. Èyí tó ṣe iṣẹ́ jù ni pé a kò kó o ní fáìlì-fáìlì mọ́. A ní kí ètò náà ya snapshot, ìyẹn àwòrán bí dísíìkì ṣe rí lójú ẹsẹ̀ kan náà, kó wá máa ka dísíìkì náà tẹ̀léra-tẹ̀léra láti orí dé ìdí láìbéèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, kó sì jẹ́ pé láti ọjọ́ kejì, ibi tó bá yí padà nìkan ni yóò máa kó. Lẹ́yìn alẹ́ àkọ́kọ́, bákọ́ọ̀pù wọn kì í tó wákàtí kan mọ́.

Àwọn kan á ní rsync náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn rsync. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló gbé e jáde ní 1996, wáyà tó lọ́ra ni wọ́n sì ro nígbà tí wọ́n ń ṣe é: kó má baà rán ohun tó ti wà lódìkejì. Ṣùgbọ́n kí ó tó mọ ohun tó yí padà, ó ní láti yẹ orúkọ gbogbo fáìlì wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí mílíọ̀nù kan bá wà níbẹ̀ tí mẹ́ta péré yí padà lónìí, mílíọ̀nù kan náà ló máa yẹ̀ wò.

Ó yá, báwo la ṣe ń mọ ibi tí dátà ti ń dúró láìṣe àbá? A ó ya ibi kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, a ó sì wọ̀n ọ́n lóun nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ wọn kíkà. Ẹ ní kí sáfà ka gbogbo dátà náà kó sì dà á nù, láìrán an síbì kankan. Lórí Linux, tar ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fún èyí, ó sì ní ọ̀fìn kan tí mo ti rí tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jìn sí. Bí ẹ bá ní kí GNU tar kọ tààrà sí /dev/null, ó mọ̀ pé ìdàṣòfò ni, kò sì ní ka inú fáìlì rárá; orúkọ wọn ló máa kà, á sì ní òun ti parí. Ẹ̀yin náà á wá máa yọ̀ pé dísíìkì yín ń fò. Ẹ fi cat sí àárín, báyìí: tar cf - /data | cat > /dev/null. Ìgbà yẹn ni yóò ka ohun gbogbo ní tòótọ́.

Lẹ́yìn náà, wáyà. Iperf3 ń rán dátà láti inú mẹ́mórì ẹ̀rọ kan sí inú mẹ́mórì èkejì, kò kan dísíìkì rárá. Ohun tó bá fún yín, ti wáyà àti súìṣì nìkan ni.

Kíkọ ló kẹ́yìn, òun náà ló sì ń purọ́ jù. Bí ẹ bá fi dd kọ 2 GB sórí dísíìkì, mẹ́mórì á gbà á, á ní “mo ti gbọ́”, á sì fún yín ní iye tí dísíìkì yín kò lè ṣe láéláé. Ẹ fi conv=fdatasync kún un, kó lè dúró títí ohun gbogbo á fi dé orí dísíìkì gan-an. Ẹ má sì fi òdo lásán, ìyẹn /dev/zero, wọ̀n ọ́n bí ẹ̀rọ tó ń gbà á bá ń fún dátà pọ̀, nítorí ogún gígábáìtì òdo á sún kì di òfo.

Ẹ kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà. Èyí tó bá kéré jù, òun lẹjọ́ bá. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì dára, tí bákọ́ọ̀pù ṣì ń wọ́, ọ̀ràn wà lọ́dọ̀ CPU tàbí lọ́dọ̀ aago.

Ti CPU rọrùn láti fojú fò. Ẹ ṣí àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, ẹ rí i pé kò ju 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ ní kò ṣe nǹkankan. Ẹ ka iye ojú tí CPU náà ní. Bó bá jẹ́ 8, ojú kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ kú, tí méje yòókù ń sùn, 12.5 ló máa jẹ́ lórí gbogbo ẹ̀rọ. Bí gzip ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ojú kan ló mọ̀ ọ́n lò, láti 1992 tó ti wà. Pigz ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú gbogbo ojú tó bá wà nílẹ̀. Zstd, tí Yann Collet ṣe tí Facebook sì gbé jáde ní 2016, tún yá ju gzip lọ dáadáa, ohun tó ń mú jáde kò sì tóbi ju tirẹ̀ lọ. Fọ́tò àti fídíò ńkọ́? Ẹ má fún wọn rárá. Wọ́n ti fún wọn tẹ́lẹ̀. CPU yín á kàn máa làágùn lásán ni.

Ti aago ni pé gbogbo wa la fẹ́ràn ọ̀gànjọ́. Ẹni tó ṣètò bákọ́ọ̀pù fi í sí aago 12 òru. Ẹni tó ṣètò antivirus fi àyẹ̀wò ńlá sí aago 12 òru. Ẹni tó ń tọ́jú dátábéèsì náà, aago 12. Wọ́n á wá máa jà lórí dísíìkì kan. Lórí Debian, ètò kan wà tó máa ń yẹ RAID, ìyẹn àkójọ dísíìkì tí a so pọ̀, wò ní òru ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Bí bákọ́ọ̀pù yín bá ń dára lójoojúmọ́ tó sì ń burú ní ọjọ́ kan ṣoṣo lóṣù, ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó wo ẹ̀rọ.

Ní ilẹ̀ wa níbí, iná mànàmáná ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo mọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pa jẹnẹrétọ̀ ní aago 10 alẹ́. Inverter ń gbé sáfà, ṣùgbọ́n súìṣì tó wà ní àjà kejì kò sí lórí inverter. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, kí wọ́n tó pa jẹnẹrétọ̀, ni bákọ́ọ̀pù fi ń rìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kíkànkùn ló ń kàn títí ilẹ̀ fi mọ́. “Connection timed out” ló kún inú àkọsílẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní “ó ń falẹ̀”.

Èyí tó tún fara sin ju bẹ́ẹ̀ lọ ni bátìrì kékeré tó wà lára RAID controller nínú ọ̀pọ̀ sáfà. Nígbà tí bátìrì yẹn bá yè, controller á gba dátà sínú mẹ́mórì tirẹ̀, á dáhùn kíá pé òun ti gbà á, nítorí ó mọ̀ pé bí iná bá lọ, bátìrì á di dátà náà mú. Bí bátìrì bá kú, ìgboyà yẹn lọ nìyẹn. Á wá dúró kí dísíìkì fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí gbogbo ohun tó bá kọ. Ohun tó yẹ kó ṣe náà ni, dátà yín ló ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ìyára kíkọ á já wálẹ̀ lọ́sàn-án kan òru kan, kò sì sí ohun tó yí padà lójú ẹni tó wà níbẹ̀. Ooru ń pa bátìrì bẹ́ẹ̀ kíákíá, yàrá tí A/C rẹ̀ ń tẹ̀ lé iná ìjọba sì máa ń gbóná.

Dísíìkì tí ẹ bá rà náà lè tàn yín. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní SMR, tí àwọn ìlà tó wà lórí rẹ̀ gun etí ara wọn kí ààyè lè pọ̀ sí i. Kíkà rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ nǹkan sáàárín ohun tó ti wà níbẹ̀, ó ní láti tún ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ pẹ̀lú. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á wó lulẹ̀. Ní 2020, Western Digital ní láti jẹ́wọ́ pé irú rẹ̀ wà lára àwọn dísíìkì Red tí àwọn ń tà fún NAS, ìyẹn àpótí dísíìkì orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ fún àwọn tó ń rà á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè.

Ọ̀rọ̀ tún di méjì nígbà tí ẹ̀dà bá ní láti kúrò nínú ilé. Ó sì gbọ́dọ̀ kúrò. Nígbà tí iná jó ilé dátà OVH ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2021, àwọn oníbàárà kan wà tí sáfà wọn àti bákọ́ọ̀pù wọn jọ wà níbi kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ṣèlérí fún ọ̀gá yín. Bí ìyára tí íntánẹ́ẹ̀tì yín fi ń rán nǹkan jáde bá jẹ́ 20 Mbps, MB 2.5 nìyẹn. 800 GB á gba nǹkan bíi wákàtí 89, ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀, bí iná kò bá lọ tí ẹnikẹ́ni kò sì wo fídíò. Ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kó ti àkọ́kọ́ sórí dísíìkì, wọ́n á fẹsẹ̀ gbé e lọ síbi tó ń lọ, kó wá jẹ́ pé ohun tó bá yí padà lójoojúmọ́ nìkan ni wáyà á máa gbé.

Jíjìn náà ní ìyà tirẹ̀, yàtọ̀ sí bí wáyà ṣe fẹ̀ tó. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù àti padà, ìbéèrè àti ìdáhùn ń gba bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Sọ́fítíwíà àtijọ́ tó ń rán 64 KB tí á sì dúró dé ìdáhùn kó tó rán òmíràn kò lè ju 640 KB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí wáyà yín tilẹ̀ fẹ̀ bí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Níbẹ̀, kí ẹ ra dátà sí i kò ní ṣe yín láǹfààní kankan. Sọ́fítíwíà tó ń rán ọ̀pọ̀ nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà ló máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ sì rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun tó gba etíkun Abidjan já: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń kó ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí Yúróòpù nìkan rí bí ọjọ́ yẹn ṣe gùn tó. Ẹ ní ọ̀kan nítòsí, ẹ ní ọ̀kan lókèèrè.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látàárọ̀, kíkó lọ ni. Bíbọ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ GitLab, tó ń bá àwọn onísọ́fítíwíà tọ́jú kóòdù wọn, nítorí pé wọ́n fúnra wọn ló tú gbogbo rẹ̀ síta fún aráyé kà. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan ń bá dátábéèsì méjì jà, ọ̀kan olórí, ọ̀kan igbákejì. Ó fẹ́ nu àpò igbákejì nù kó lè tún un bẹ̀rẹ̀. Ó sì tẹ àṣẹ náà lórí ẹ̀rọ olórí. Ó rí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó dá a dúró. Nínú nǹkan bíi 300 GB, 4.5 ló ṣẹ́kù. Ẹ lọ gbé bákọ́ọ̀pù wá. Ibi tí wọ́n ń kó o sí ṣófo. Pg_dump, irinṣẹ́ tó ń kó dátábéèsì náà jáde, jẹ́ ti PostgreSQL 9.2, dátábéèsì sì jẹ́ 9.6, ojoojúmọ́ ló ń kùnà. Ímeèlì tó yẹ kó máa sọ fún wọn pé ó ń kùnà, ètò DMARC tó ń yẹ ímeèlì wò ń dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó yọ wọ́n ni snapshot kan tí ẹnìkan ti yà ní wákàtí 6 ṣáájú, fún iṣẹ́ tirẹ̀ mìíràn.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìdánwò tí snapshot náà wà lórí rẹ̀, dísíìkì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fún un, èyí tí ìyára rẹ̀ kò ju bíi 60 Mbps lọ. Dídá a padà gba bíi wákàtí 18, gbogbo ayé ń wò wọ́n lórí YouTube. Dátà wákàtí 6 lọ pátápátá. Kò sẹ́ni tó tíì ráhùn rí pé ẹ̀rọ ìdánwò yẹn lọ́ra, nítorí kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti kó nǹkan jáde nínú rẹ̀ kíákíá rí, àfi ọjọ́ yẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n fi aago wọn bíbọ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe lílọ nìkan. Ètò tó ń kó ibi tó yí padà nìkan lè parí ní ogún ìṣẹ́jú lálẹ́, kó sì gba ọjọ́ méjì láti tò ó pọ̀ padà, nítorí ó ní láti gbé ẹ̀dà ńlá ti àkọ́kọ́ kó sì lẹ àyípadà ọgọ́rùn-ún alẹ́ mọ́ ọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà kíkún láti ìgbà dé ìgbà. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 pàápàá ka dídá dátà padà ní àkókò mọ́ ohun tó yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú dátà èèyàn lè ṣe. Nítorí náà, bí ọ̀gá bá ní ìdánwò ń jẹ àkókò, ẹ ní ẹnu tí ẹ lè fi dá a lóhùn.

Ẹ tún tò ó: kí ló máa kọ́kọ́ padà? Ní ilé ìwòsàn, orúkọ aláìsàn àti oògùn rẹ̀ ṣáájú fọ́tò ayẹyẹ ìparí ọdún. Ní ilé-ìwé, máàkì ṣáájú fídíò. Bí ẹ kò bá tò ó tẹ́lẹ̀, sọ́fítíwíà á tò ó fún yín ní A, B, D, owó oṣù á sì wà lẹ́yìn fídíò kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà. Ẹ kọ ètò yẹn, àti ibi tí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ti ẹ̀dà náà wà, sórí bébà, kí ẹni méjì ó kéré tán ní in lọ́wọ́. Ẹ má fi pamọ́ sórí sáfà.

Ó kan ìbéèrè. Ẹ ṣáà bá mi sọ iye tó wà nínú àkọsílẹ̀ yín kí ẹ tó sọ irú sáfà tí ẹ ní.